Lẹ́tà ìta gbangba sí Mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́: ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń yẹ iléeṣẹ́ wò máa dé láì ránṣẹ́ ṣáájú

Ọ̀gá Mínísítà, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tó ń dé orí tábìlì yín ò kéré, ti yúnìọ̀nù nìkan ti tó ohun tó máa gba ọjọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ tèmi síta gbangba kí gbogbo ayé kà á, bóyá ẹnìkan á kà á sí yín létí.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ni, àti owó tí ìjọba ń ná lé e lórí. Iṣẹ́ fákìtọ́rì ni mò ń ṣe, láàárín Àgbárá sí Sàngó ni mo ti ń bá a bọ̀, mo ti ṣe ike, mo ti ṣe fóòmù, mo ti ṣe páálí. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Nǹkan kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe, màá sì sọ ọ́ báyìí kẹ́ ẹ má bàa ní mò ń yí ọ̀rọ̀ po: ẹ gba owó tí wọ́n fi ń ṣe sẹ́mínà kẹ́ ẹ kó o fún àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ yín, àwọn tó ń yẹ iléeṣẹ́ wò, kí wọ́n lè dá wọ mọ́tò ara wọn dé iléeṣẹ́, lọ́sàn-án tàbí lóru, láì jẹ́ pé ọ̀gá ibẹ̀ ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀.

Ṣé ẹ rí i, bó ṣe wà báyìí, kò sígbà tí ìjọba ń bọ̀ tí àwa òṣìṣẹ́ kì í mọ̀, kódà ìyá tó ń ta ìrẹsì níwájú géètì máa ń mọ̀.

Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ (mi ò ní dárúkọ wọn, ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń jẹun níbẹ̀), ọ̀sẹ̀ tí ìjọba ń bọ̀ ni kọ́ḿpìnì máa ń mọ́ jù lọ láàárín ọdún. Wọ́n á ra ọ̀dà yẹ́lò, wọ́n á fi fa ìlà sílẹ̀, ibi tí èèyàn máa gbà lọ́tọ̀, ibi tí fọ́kílíìfù máa gbà lọ́tọ̀. Àwọn àgbá pupa tí wọ́n fi ń pa iná, tí déètì ẹ̀ ti kọjá tipẹ́, wọ́n á kó wọn lọ sẹ́yìn sítọ́ọ̀, wọ́n á gbé tuntun wá síbẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ṣe ni wọ́n ń yá a torí tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, súpáfáísọ̀ á máa pín bàtà sáfétì, ìbọ̀wọ́, awò ojú àti ẹ̀límẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó máa wà níwájú, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ti gbà á. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á gba gbogbo ẹ̀ padà, wọ́n á kà á, ẹni tí tiẹ̀ bá sọnù wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹ̀. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí yẹn ò ní padà o, inú fáìlì ló ń gbé. Àwa tá a jẹ́ kásúà, òṣìṣẹ́ ojúmọ́, nígbà yẹn ńkọ́? Wọ́n á ní ká má wá lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ tá ò bá wá wọn ò sì ní sanwó ẹ̀, tàbí kí wọ́n ní ká lọ jókòó sẹ́yìn ilé lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ títí àlejò fi máa lọ, torí tí wọ́n bá fi lè ka orí wa, iye tó wà nínú ìwé ò ní bá iye tó wà nílẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ n sọ ti máṣíìnì fún yín torí mo rò pé kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún mínísítà ní Abuja. Máṣíìnì tó ń tẹ ike ní ilẹ̀kùn kan níwájú. Tẹ́ ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, swíìṣì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó máa dá iṣẹ́ dúró, kí irin ńlá méjì tó ń pàdé láàárín ibẹ̀ má bàa pàdé lórí ọwọ́ èèyàn. Àwọn tó ṣe máṣíìnì ti ro ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa kí wọ́n tó kó o wá fún wa. Àmọ́ kéèyàn tó ṣílẹ̀kùn, kó fa ọjà jáde, kó tún pa á dé, ó ń gba àkókò, tágẹ́ẹ̀tì sì ń bẹ lọ́rùn gbogbo wa, látorí súpáfáísọ̀ dórí ẹni tó ń gbálẹ̀. Nítorí náà wọ́n á wá wáyà, wọ́n á fi so swíìṣì yẹn mọ́lẹ̀, máṣíìnì á máa rò pé ilẹ̀kùn ti pa dé, kó sì jẹ́ pé gbayawu ló wà. O ní láti fa ọjà jáde kí irin tó padà wá. Ọwọ́ ẹ á máa lọ, á máa bọ̀, fún wákàtí méjìlá, tó bá jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ oorun á máa kùn ẹ́ láti bí aago mẹ́ta lọ sókè. Kò sí máṣíìnì kankan tó mọ̀ pé oorun ń kun èèyàn.

Lọ́jọ́ tí ìjọba ń bọ̀, wọ́n á já gbogbo wáyà yẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n á so ó padà.

Mi ò fẹ́ parọ́ mọ́ àwọn èèyàn yín, mi ò sọ pé gbogbo wọn ló ń gba ẹ̀gúnjẹ. Obìnrin kan wà nínú wọn tó wá lọ́jọ́ kan tó ṣe mí ní kàyéfì. Àwọn yòókù ń rìn lórí ìlà yẹ́lò, wọ́n ń bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, òun yà kúrò lórí ìlà, ó lọ síbi máṣíìnì tó wà ní kọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan wáyà kan tí wọ́n gbàgbé láti já, ó ní, "Ta ló so èyí?" Gbogbo wọn dákẹ́, sáfétì ọ́físà wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara ẹ̀. Obìnrin yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀ dénú eegun. Àmọ́ mọ́tò kọ́ḿpìnì ló lọ gbé wọn wá láàárọ̀, mọ́tò kọ́ḿpìnì náà ló máa gbé wọn padà, dírẹ́bà sì ti ń tẹ họ́ọ̀nù. Mi ò mọ ohun tó kọ sínú ìwé ẹ̀. Wáyà padà síbi tó wà kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ náà, máṣíìnì yẹn náà ló sì padà gba ìka méjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí ò tíì tó ọmọ ogún ọdún. Wọ́n gbé e lọ sí kẹ́míìsì, kì í ṣe ọsibítù o, kẹ́míìsì. Wọ́n fún un lówó, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé títí wọ́n á fi pè é. Wọn ò pè é.

Ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ mọ́tò tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kan wà tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 81, lórí àyẹ̀wò ibi iṣẹ́ ni, Nàìjíríà fọwọ́ sí i lóṣù kẹwàá 1960, oṣù òmìnira gan-an. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ṣòro yé: ìnsípẹ́kítọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ibi iṣẹ́ nígbàkigbà, lọ́sàn-án lóru, láì sọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú. Ìjọba ló gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tó máa gbà débẹ̀, kí wọ́n sì san owó tó bá ná lójú ọ̀nà padà fún un. Lọ́dọọdún kí wọ́n tẹ ìròyìn jáde fún gbogbo ayé, iye ibi tí wọ́n lọ, iye òfin tí wọ́n rí i pé àwọn èèyàn rú, iye ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n, iye ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ẹ̀ la ti gbà pé a máa ṣe kí wọ́n tó bí èmi àti ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ bá mi wá ìròyìn ọdún tó kọjá.

Àwọn òbí wa ò nílò ILO kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ nǹkan wò. Ẹ rántí wolé-wolé. Wolé-wolé kì í kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Ẹ máa kàn rí i nínú ọgbà ni, á ti ṣí ìkòkò omi, á ti rí tanwíji nínú ẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù nìyẹn. Ìyá mi sọ fún mi pé ẹ̀rù ẹ̀ ló jẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa bo ìkòkò wọn lójoojúmọ́, torí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ìyẹn ò ná ìjọba ní òtẹ́ẹ̀lì kankan.

Torí ẹ dákun, èyí tí ẹ̀ ń ṣe lọ́dọọdún ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, ọjọ́ ààbò lẹ́nu iṣẹ́ lágbàáyé, ta ni ẹ̀ ń ṣe é fún? Mo máa ń rí fọ́tò ẹ̀. Bánà gígùn, tíṣẹ́ẹ̀tì, fìlà, báàgì tí wọ́n kọ nǹkan sí lára, gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, àwọn HR tó ń bá kọ́ḿpìnì bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti àwọn mánéjà jókòó lọ bẹẹrẹ, ẹnìkan ń ka ọ̀rọ̀ mínísítà torí pé mínísítà fúnra ẹ̀ ò ráàyè wá. Kò sí ẹni tó ń ti ọwọ́ bọ máṣíìnì nínú gbọ̀ngàn yẹn. Wọ́n ń la àwọn HR lọ́yẹ̀ lórí nǹkan tí àwọn HR mọ̀ ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n mọ̀ pé wáyà ò dáa. Àìmọ̀ kọ́ ló ń so wáyà, tágẹ́ẹ̀tì ni, àti pé wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ lóru.

Owó ò sì wọ́n yín tó bẹ́ẹ̀ ṣá. Láti ìgbà tí òfin 2010 ti dé lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, ó yẹ kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sínú àpò NSITF, àjọ ìjọba kan tó wà lábẹ́ yín, kí wọ́n lè fi gbọ́ bùkátà ẹni tó bá fara pa. Ní 2022, nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, wọ́n béèrè fáúṣà, ìwé ẹ̀rí bí wọ́n ṣe náwó, lọ́wọ́ NSITF lórí owó tó lé ní bílíọ̀nù 17 náírà, owó ọdún 2013 tí ìwé Ọ̀dítọ̀ Jẹ́nẹ́rà ti ń pariwo lé lórí, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé inú kọ̀ǹténà ni wọ́n kó ìwé náà sí, òjò ti rọ̀ sí i, bóyá ikán sì ti jẹ ẹ́. Gbogbo Nàìjíríà fi ikán ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn, a rẹ́rìn-ín, a gbàgbé. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀ torí ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ lókè yẹn lẹ́tọ̀ọ́ sí lára owó NSITF. Òfin ọ̀hún dárúkọ kásúà o, ó dárúkọ ọmọ iṣẹ́ pàápàá, kò sí pé ìwé ẹ̀ ò pé. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún agbanisíṣẹ́ láti fi tó àjọ náà létí tí ẹnikẹ́ni bá fara pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́ḿpìnì gbé pamọ́ sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ṣé wọ́n á wá kọ̀wé lọ́jọ́ ìjàǹbá pé òṣìṣẹ́ wa ni? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìnsípẹ́kítọ̀ àti ọ̀rọ̀ owó ti pàdé. Tí wọn ò bá ka orí wa nígbà tá a wà láàyè tí ara wa pé, a ò ní sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni lẹ́yìn náà.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún ronú nípa òru, torí òru ni ìbàjẹ́ pọ̀ sí. Ní Odògúnyán, Ìkòròdú, ní 2002, iná mú nínú fákìtọ́rì kan, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jóná sínú ẹ̀ torí pé wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Òfin fákìtọ́rì ti 1987 ti wà nígbà yẹn, ó sì sọ ọ́ kedere pé níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá wà nínú iléeṣẹ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú ò fi ní lè ṣí i kíá. Ó ju ogún ọdún lọ báyìí, ẹ lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àwọn iléeṣẹ́ kan lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ máa rí àgádágodo. Tẹ́ ẹ bá béèrè, wọ́n á ní torí olè ni, pé àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ju ọjà síta lóru. Lóòótọ́ ni, àwọn kan ń jalè, mi ò ní purọ́ fún yín. Kí wọ́n yẹ wá wò ní géètì, kí wọ́n gbé kámẹ́rà síbẹ̀, kí wọ́n lé ẹni tó bá jí. Àgádágodo ò mọ olè yàtọ̀ sí ẹni tí iná ń lé bọ̀. Àti pé kò sí ìnsípẹ́kítọ̀ tó máa rí àgádágodo yẹn láago mọ́kànlá àárọ̀, ilẹ̀kùn á ti wà ní ṣíṣí, wọ́n á tiẹ̀ ti fi ọ̀dà kọ ọ̀nà àbájáde sára ẹ̀.

Ẹnìkan á ní kò sí agbára lọ́wọ́ yín, òfin ló ti gbó. Mo gbà. Owó ìtanràn tó wà nínú òfin 1987 yẹn, fún ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀, kò ra àpò sìmẹ́ńtì kan lónìí, kọ́ḿpìnì á san án tẹ̀ríntẹ̀rín. Àwọn aṣòfin gbé òmíràn jáde ní 2012, kò rí ìbuwọ́lù ààrẹ gbà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tá a kọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn ti fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n ṣe tuntun láti 1974. Ní ọ̀dọ̀ wọn lónìí, tí ìnsípẹ́kítọ̀ bá rí i pé o rú òfin, ìwọ ni wàá sanwó wákàtí tó lò lórí ọ̀rọ̀ ẹ, láti 2012 ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn dáa fún wọn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá síbí o, torí ní Nàìjíríà ìnsípẹ́kítọ̀ á di agbowó òde lọ́jọ́ kejì ẹ̀. Tẹ́lẹ̀ náà, èyí tó ń wá láti ìjọba àpapọ̀, èyí tó ń wá láti ìpínlẹ̀, àwọn panápaná, àwọn elétò àyíká, gbogbo wọn ló ń mú ìwé owó dání, ọ̀gá kọ́ḿpìnì ò mọ èwo ló wá wo ìlera wa nínú wọn.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ jí lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni pé wọ́n ń gbé orúkọ kọ́ḿpìnì síta. Ẹnikẹ́ni lè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó wo iléeṣẹ́ tí wọ́n kìlọ̀ fún, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, èyí tí wọ́n gbé lọ sí kọ́ọ̀tù. Kò gba òfin tuntun, kò gba ju kọ̀ǹpútà kan àti ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ wo ti ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tó wá wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹ̀yìn tó wó tán la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ pé ìjọba ti sé ibẹ̀ pa rí lọ́dún yẹn kan náà kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n lẹ ìdí tí wọ́n fi sé e mọ́ géètì ni, tí wọ́n sì lẹ ìdí tí wọ́n fi ṣí i, àwọn bíríkìlà yẹn ì bá kà á kí wọ́n tó gun òkè. Wọ́n lè má lọ lóòótọ́, ebi ò jẹ́ kéèyàn ronú, àmọ́ wọ́n á ti mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti fífi ẹjọ́ sùn. Àdéhùn 81 yẹn náà ló sọ pé ìnsípẹ́kítọ̀ ò gbọ́dọ̀ tú àṣírí ẹni tó fẹjọ́ sùn, kò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀gá iléeṣẹ́ mọ̀ pé ẹjọ́ ló gbé òun wá. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ lẹ́tà nígbà kan sí ọ́fíìsì ìjọba kan, ó fi orúkọ ẹ̀ sí i torí ó rò pé ìjọba ò ní gba lẹ́tà tí ò lórúkọ. Kò pẹ́ tí HR fi ránṣẹ́ pè é. Fọ́tò lẹ́tà ẹ̀ ló wà lórí fóònù HR, ọwọ́ ẹ̀ gan-an, àti ibi tó ti fi báírò pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́. Wọ́n ò lé e lọ́jọ́ yẹn o, wọ́n kàn ní kó máa wá sí iṣẹ́ alẹ́ nìkan, láìsí ìsinmi, òun fúnra ẹ̀ ló padà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, tí ìjọba bá gbé nọ́ńbà fóònù síta pé ká máa pe àwọn, a máa ń wo ara wa lójú ni.

Nítorí náà mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gbé nọ́ńbà tuntun jáde. Èsì nǹkan méjì ni mo fẹ́, ẹ lè dá a padà níbikíbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ìnsípẹ́kítọ̀ mélòó lẹ ní ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó báyìí, àwọn tó ń jáde lọ yẹ iléeṣẹ́ wò o, kì í ṣe àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì? ILO ní fún orílẹ̀-èdè tí ò tíì lówó púpọ̀ bíi tiwa, ó kéré tán kí ẹnìkan wà fún òṣìṣẹ́ 40,000, torí náà a máa lè fi wé e. Ìkejì, nínú mọ́tò tí wọ́n ní, mélòó ló ń ṣiṣẹ́, ta ló sì ń ra epo sí i?

Ire o.

Èmi ni ti yín nítòótọ́,
Òṣìṣẹ́ kan ní Àgbárá